Ogun Orí Kọ̀ǹpútà: Irú Eré Ìtàn Wo Ló Tó Jókòó Tì?

  

Mo mọ̀ pé ẹnu ya àwọn kan nínú yín nígbà tí ẹ rí àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Géèmù? Nínú gbọ̀ngàn bí èyí? Ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn yẹn, mélòó nínú wọn ló jẹ́ pé inú ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Sundjata, ọba Mali? Mélòó ló gbọ́ ọ nídìí kọ̀ǹpútà? Bó bá jẹ́ pé ìdí kọ̀ǹpútà ni ìtàn ti ń pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn láyé ìsinsìnyí, ó di dandan kí àwa tí a fẹ́ràn ìtàn lọ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Géèmù ogun tó gbé ara rẹ̀ ka ìtàn, tí aago rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kí àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó lè sọ pé àkókò tí òun lò nídìí rẹ̀ kò ṣòfò?

Ìdáhùn mi nìyí, màá sì máa padà sórí rẹ̀: ohun tó ń mú eléré borí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó mú àwọn ará ìgbà náà borí. Níbi tí ọgbọ́n ìborí àti òye ìtàn bá ti jẹ́ ọ̀kan, géèmù yẹn tó jókòó tì. Níbi tí wọ́n bá ti pínyà, ìtàn ti di ọ̀ṣọ́ lásán, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ìpele kìn-ín-ní: Eré wo gan-an là ń sọ?

Oríṣiríṣi géèmù ló ní ogun nínú. Èyí tí èèyàn ti ń gbé ìbọn, tó ń sáré kiri, tó ń yìnbọn fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ. Nínú irú èyí tí mo ní lọ́kàn, ìwọ kì í ṣe jagunjagun kan. Ìwọ ni ọba, ìwọ ni balógun, ìwọ náà ni olórí àgbẹ̀. O ń wo ilẹ̀ láti òkè, o sì ń pàṣẹ: kí àwọn kan gé igi, kí àwọn kan dáko, kí àwọn kan mọ odi, kí àwọn yòókù gba ojú ogun lọ.

Èkejì ni aago. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, bí mo bá ta tèmi tán, mo ń dúró dè ọ́. O lè fọwọ́ lẹ́rán, kí o ro ilé méjèèjìlá yí ká kí o tó mú ọmọ kan. Civilization, tí Sid Meier àti Bruce Shelley ṣe ní 1991, irú ètò yẹn ló tẹ̀ lé: tèmi, lẹ́yìn náà tìrẹ. Géèmù tí mò ń sọ kò ní tèmi-tìrẹ. Bí o ṣe ń ronú lọ́wọ́, ọ̀tá rẹ ń wa wúrà. Dune II, tí ilé-iṣẹ́ Westwood gbé jáde ní 1992, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó fi ìlànà irú eré yìí lélẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ṣùgbọ́n ayé àròsọ ni Dune, kì í ṣe ayé wa.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn. Shelley yìí kan náà ló lọ bá Ensemble Studios ṣiṣẹ́ ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas. Wọ́n mú aago tí kì í dúró yẹn, wọ́n fi sínú ìtàn ayé, Microsoft sì gbé Age of Empires jáde ní 1997. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ dé ní 1999, òun ni màá sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ. Ensemble ti kógbá sílé láti 2009, ṣùgbọ́n eré náà kò bá a lọ. Àwọn eléré tó ń ṣe é nílé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yà tuntun kún un fúnra wọn. Àwọn kan nínú wọn di ilé-iṣẹ́ Forgotten Empires, iṣẹ́ géèmù náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní 2022, wọ́n ṣe ìdíje rẹ̀ nínú ààfin olódi tó wà ní Heidelberg, ní Jámánì. Géèmù tó ti lé lógún ọdún! Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé, ibí yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo bá pe eré kan ní eré ìtàn, mi ò sọ pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú rẹ̀. Bí ẹni tó mú Faransé bá borí ní Agincourt, ogun tí Faransé pàdánù, ìtàn ti yí padà nìyẹn, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé eré náà gba orúkọ gidi, ilẹ̀ gidi àti ìgbà gidi, ó sì ń sọ fún wa pé báyìí ni agbára ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìsọ yẹn la ó dán wò.

Ìpele kejì: Aago ni olùkọ́ àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká jókòó sídìí Age of Empires II fún ìgbà díẹ̀. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ilé ńlá kan ló wà láàárín gbàgede, pẹ̀lú ará abúlé mẹ́ta àti amí kan lórí ẹṣin. Gbogbo ilẹ̀ tó kù dúdú. O kò mọ ibi tí àgùntàn ń jẹ̀, o kò mọ ibi tí wúrà wà, o kò sì mọ ibi tí ọ̀tá tẹ̀dó sí. Oúnjẹ 200 ló wà nínú àká. Òṣìṣẹ́ tuntun kan ń gba oúnjẹ 50, ó sì ń lo ìṣẹ́jú àáyá 25 kó tó jáde nílé ńlá náà. Láti kúrò ní Ìgbà Òkùnkùn bọ́ sí ìgbà tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ 500 lo máa san.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Oúnjẹ 500 ni iye tí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ń gbà. Ilé ńlá náà kò sì lè bí òṣìṣẹ́ kankan ní gbogbo àkókò tó fi ń kọjá sí ìgbà tuntun. Ìyẹn tún jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún mìíràn tí o kò ní rí nìyẹn. Bí o bá tètè lọ, o ó ní ọfà àti odi ṣáájú ọ̀tá, ṣùgbọ́n oko rẹ yóò tín-ín-rín. Bí o bá pẹ́, oko rẹ yóò tóbi, àmọ́ kí ló fẹ́ gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọ̀tá bá dé? Kò sí ìdáhùn tó pé. Ilẹ̀ tí o wà lórí rẹ̀, ẹ̀yà tí o mú, àti ohun tí amí rẹ bá rí ló máa sọ ọ́, aago sì ń lọ.

Àwọn tó mọ eré yìí dáadáa kì í fi gbogbo ojú wo ibi tí idà ti ń pàdé idà. Ìlú ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣé ilé ńlá ń bí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, àbí ó ti dákẹ́? Ta ló dúró láìníṣẹ́ lẹ́bàá igbó? Ogun tí wọ́n máa borí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, ìdí àgùntàn ni wọ́n ti ń borí rẹ̀.

Ìtàn wà níbí, mo sì rò pé ohun tí ìwé kì í lè fún wa tán ni. Ìwé yóò sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé jagunjagun kọ̀ọ̀kan jẹ́ àgbẹ̀ kan tí kò sí lóko. A ó kà á, a ó gbà á, a ó sì gbàgbé. Ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ayé àtijọ́, ogójì ọjọ́ ni àṣà sábà máa ń ka fún ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ láti fi sìn ín lójú ogun lọ́dún. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé lè máa ṣe kàyéfì: ogójì péré? Ẹni tó ti fi oúnjẹ tó yẹ kó fi bí òṣìṣẹ́ kó olọ́kọ̀ jọ rí, tó wá rí i tí àká gbẹ, kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ọba yẹn níyà ló jẹ òun náà níyà. Ohun tí mo pè ní kí ọgbọ́n ìborí àti òye ìtàn jẹ́ ọ̀kan nìyẹn.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé aago yìí kan náà ló ń bà á jẹ́, nítorí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí máòsì yóò na ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn lálùbolẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú àtúnṣe géèmù náà tó jáde ní 2019, ìlọ́po 1.7 ni eré àwọn tó ń bá ara wọn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń sáré, ó sì níbi tí ìka ọwọ́ ti ń gbapò lọ́wọ́ orí. Níbẹ̀ ni èmi ti máa ń dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìwọ̀n ni, kì í ṣe ẹ̀bi aago. Bí a bá yọ aago kúrò, a ti sọ olórí ogun di ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta láti ronú nígbà tí iná ti ràn mọ́ òrùlé.

Ìpele kẹta: Ibi tí òfin eré ti di ìtàn

Nígbà tí wọ́n fi The Conquerors kún géèmù náà ní 2000, àwọn Aztec àti Maya wọlé. Wọn kò fún wọn lẹ́ṣin. Mi ò sọ pé ẹṣin wọn kò lágbára o. Ilé ẹṣin gan-an ni wọn kò lè kọ́. Amí àwọn yòókù ń gun ẹṣin, amí tiwọn ń fẹsẹ̀ sáré. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹṣin ti parẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Sípéènì tó tún kó o débẹ̀. Ẹni tó bá mú Aztec kò nílò kí olùkọ́ kankan kà á sí i létí. Ẹlẹ́ṣin ọ̀tá yóò ya wọ oko rẹ̀, eléré náà yóò wá ẹṣin tí yóò fi lé e, kò ní rí. Ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ẹni tí kò lẹ́ṣin: kó kó olọ́kọ̀ jọ, kó mọ odi síbi tó yẹ, kó jà kí ọ̀tá tó rówó ra ẹṣin púpọ̀. Òfin kékeré kan péré, ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀.

Ti àwọn ará England náà rí bẹ́ẹ̀. Ọfà wọn ń jìnnà ju ti ẹlòmíràn lọ bí eré bá ṣe ń dàgbà sí i. Ẹni tó bá mú wọn yóò rí i pé òkèètè ló yẹ kóun ti máa jà, lẹ́yìn odi tàbí lẹ́yìn olọ́kọ̀, kí ẹṣin ọ̀tá má bàa kan òun lára. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti to ogun rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó ní Crécy ní 1346 àti ní Agincourt ní 1415.

Ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé eré kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ní 2001, GSC Game World, ilé-iṣẹ́ kan ní Kyiv, ní Ukraine, gbé Cossacks jáde, lórí ogun Yúróòpù ní ọ̀rúndún 17 àti 18. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lè wà lójú pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wú mi lórí. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń gbowó. Bí àká bá gbẹ, ebi ń pa wọ́n kú. Bí wúrà bá tán, àwọn jagunjagun tí o fi owó gbà ń kọjú ìjà sí ọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Yúróòpù: ní 1576, àwọn ọmọ ogun Sípéènì tí wọn kò san owó wọn já wọ Antwerp, wọ́n kó ìlú náà, wọ́n sì pa àwọn ará ibẹ̀ lọ súà. Nínú Cossacks, o kò ní ka ìtàn Antwerp. Ìwọ ni gómìnà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2001 yẹn kan náà ni Stronghold ti Firefly dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ìlú inú rẹ̀ lójú, wọ́n sì létí. Bí owó orí bá pọ̀ jù, tàbí oúnjẹ bá kéré jù, wọ́n ń kó ẹrù wọn jáde lódi, o kò sì ní rí ẹni tí o máa sọ di ọmọ ogun. Nínú ogun inú ọ̀wọ́ géèmù Total War náà, láti Shogun ti 2000, ẹ̀rù ń ba ọmọ ogun: bí ọ̀tá bá gba ẹ̀yìn yọ sí wọn, wọ́n ń sá, láìtíì kú. Nínú Age of Empires, wọ́n ń jà títí ẹni ìkẹyìn á fi ṣubú, àléébù gidi sì nìyẹn, nítorí ìsá ni ó parí ọ̀pọ̀ ogun àtijọ́, kì í ṣe ikú gbogbo ọmọ ogun.

Ìpele kẹrin: Ibi tí ìtàn ti di ọ̀ṣọ́

Bruce Shelley kò fi ọ̀nà tó gbà pa mọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé ìwádìí jíjinlẹ̀ kò pọn dandan fún irú eré yìí, àti pé ẹ̀ka ìwé ọmọdé ní ilé ìkàwé ni ìwé tó wúlò jù sábà máa ń wà, nítorí ibẹ̀ ni ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ eléré ní sí ìtàn mọ. Inú lè bí òpìtàn tó bá gbọ́ ọ. Èmi ò bínú tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ọmọdé lè sọ pé àwọn Aztec kò lẹ́ṣin, ìyẹn sì tó láti ṣe òfin rere. Àléébù ibẹ̀ máa ń yọ nígbà tí ìwé ọmọdé bá kéré nípa ilẹ̀ kan, tàbí tí kò sí rárá.

Ilẹ̀ Áfíríkà rí i. Ní 2015, The African Kingdoms mú Mali wọ inú Age of Empires II, pẹ̀lú ìtàn Sundjata àti bó ṣe ṣẹ́gun Sumanguru ní Kirina ní 1235. Mo yọ̀ nígbà náà, mo ṣì ń yọ̀ nípa rẹ̀. Bí o bá mú Mali, iṣẹ́ yunifásítì tìrẹ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń yára, ọpẹ́lọpẹ́ òkìkí Timbuktu. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo odi ńlá Mali, kí ẹ wo jagunjagun pàtàkì tó ń jáde níbẹ̀. Gbeto ni wọ́n ń pè é: obìnrin tó ń ju ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tó wà níbí mọ gbeto dáadáa, bí ẹ kò tiẹ̀ mọ orúkọ náà. Ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ àwọn obìnrin ogun Dahomey ni, àwọn ọdẹ erin. Ẹgbẹ́ ogun obìnrin yẹn ló wá sí odi Abẹ́òkúta ní 1851 lábẹ́ ọba Gezo, tí ogun Dahomey sì tún padà wá ní 1864 lábẹ́ ọba Glele, tí àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà nígbà méjèèjì. Láti Kirina dé odi Abẹ́òkúta, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Láti Mali dé Abomey, olú ìlú Dahomey, ilẹ̀ ọ̀tọ̀, èdè ọ̀tọ̀, ọba ọ̀tọ̀. Ìbọn sì ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn gbé wá bá wa, kì í ṣe ọ̀bẹ jíjù.

Síbẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe ọdún ló dùn mí jù. Mo ti sọ ọ́ pé kò pọn dandan kí eré jẹ́ ẹ̀dà ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé gbeto inú géèmù kò ṣàlàyé nǹkan kan. Kí ló dé tí Dahomey fi kó obìnrin jọ sójú ogun? Ìyàwó ọba ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Ààfin Abomey ni ilé wọn. Wọn kò ní olóyè kankan tí wọ́n ń sìn yàtọ̀ sí ọba. Agbára ogun tó wà lọ́wọ́ ọba nìkan ni wọ́n jẹ́, ohun tí ọba Dahomey sì fi ń borí àwọn olóyè rẹ̀ nílé àti ọ̀tá lóde nìyẹn. Ọba mélòó láyé ló ní irú rẹ̀? Òfin eré rere kan wà nínú ìyẹn. Kàkà kí wọ́n ṣe òfin náà, wọ́n mú orúkọ àti aṣọ, wọ́n sì wọ̀ wọ́n fún Mali. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé inú odi ọba ni gbeto ti ń jáde nínú géèmù. Wọ́n kọsẹ̀ bá òótọ́ láìmọ̀.)

Ẹ fi wé Mali inú Age of Empires IV. Relic Entertainment ní Kánádà ló ṣe eré náà, ó dé ní 2021, Mali sì wọ inú rẹ̀ ní 2022. Níbẹ̀, o lè gbẹ́ kòtò sórí ibi tí wúrà wà, kó máa mú wúrà díẹ̀díẹ̀ wá fún ọ, láìjẹ́ pé wúrà ilẹ̀ yẹn ń tán. O ń tọ́jú màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó mú Mali kò fi bẹ́ẹ̀ nílò láti kánjú jà. Ó ń na ọrọ̀ rẹ̀ sí gbogbo ilẹ̀, ó sì ní láti ṣọ́ ọ, torí kòtò wúrà kì í rìn. Ìlú tó ń rọ́wọ́ mú nítorí wúrà àti ọ̀nà òwò, tó sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ibi tó jìnnà síra: òfin yẹn gan-an ni Mansa Musa, ọba Mali, fi di olókìkí títí dé Káírò ní 1324. Kò sí gbeto níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣàárò rẹ̀.

Àlùfáà inú Age of Empires II ńkọ́? Ó dúró lókèèrè, ó ń kọrin, ẹlẹ́ṣin ọ̀tá sì yí aṣọ padà, ó di tìrẹ. Ó dùn, mo gbà. Ọ̀pọ̀ eléré fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo nǹkan lọ. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bí ẹ̀sìn ṣe ń tàn kálẹ̀ nílé ayé rí, mi ò sì ní bá a jà. Àwàdà ni. Eré tí kò ní àwàdà kankan kò tó jókòó tì.

Ohun tí mo máa bá jà ni àwọn ará abúlé yẹn. Wọ́n jáde láti ilé ńlá, oúnjẹ 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi kú. Wọn kì í kọ̀, wọn kì í sá, wọn kò béèrè owó. Wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tó ń fi tìfẹ́tìfẹ́ sìn. Nínú ayé gidi, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú géèmù yìí, ẹni tó wà lóko náà lè jẹ́ ẹni tí ilẹ̀ so mọ́lẹ̀ láti ìgbà ìbí, tàbí ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ọ́n: oko àwọn balógun ọ̀rúndún 19, ta ló ń ro ó? Ogun ló ń kó ẹni tó ń ro oko wá, oko náà ló sì ń bọ́ ogun. Nígbà tí géèmù bá fi ìyẹn pa mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan ló fi pa mọ́. Ó fi ẹ̀rọ tó ń yí ìlú náà pa mọ́. Eléré yóò wá rò pé èèyàn máa ń jagun nítorí ó fẹ́ràn ìjà, nígbà tó jẹ́ pé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àìní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó ń lé wọn lọ sójú ogun.

Ìpele karùn-ún: Ìdọ́gba

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní gùn. Ẹni tó ṣe géèmù yóò dá mi lóhùn pé: «Bí mo bá ṣe gbogbo ohun tí o wí, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa borí. Ìtàn kò dọ́gba.» Òótọ́ ni. Eré gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí bí èmi bá mú Mali tí ìwọ mú Mongol, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ìrètí. Mo gbà kí wọ́n purọ́ nípa iye. Kí wọ́n sọ ọfà di líle, kí wọ́n sọ odi di olówó pọ́ọ́kú. Irọ́ nípa ìdí ni mi ò gbà. Bí ẹ̀yà kan bá borí nínú eré nítorí ohun tí kò jẹ́ ti wọn rí, ẹ̀rọ ìtàn ti já, ìdọ́gba ò sì ní tún un so.

Ìpele kẹfà: Ilẹ̀ wa

Ní 2021, The African Royals mú Hausa àti Ethiopia wọ inú Age of Empires III. Hausa ní ọjà ẹran níbẹ̀: o ń ra màlúù, o ń jẹ́ kó sanra, o ń tà á nígbà tí owó rẹ̀ bá dára, bí o bá sì ń tà á léraléra, owó rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ẹni tó ti dé ọjà màlúù rí mọ̀ pé ẹni tó ṣe òfin yìí lajú. Yorùbá náà wà nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n bí àlejò: ìletò tí èèyàn lè kọ́ ilé òwò sí, kó bá wọn mulẹ̀, kó sì gba àwọn Ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ṣọ́! Àádọ́rin ni wọ́n ní Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, ṣe kọ ọ́. Inú mi dùn láti rí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin tí a fi owó gbà kò tíì sọ ohun tí Ọ̀yọ́ jẹ́, ìyẹn ìlú tó ń ra ẹṣin wá láti òkè, tó ń fi jẹ gàba lórí ọ̀dàn, tí agbára rẹ̀ sì ń dín bí igbó bá ṣe ń dí.

Mo mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú gbọ̀ngàn yìí fẹ́ ṣe géèmù lórí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà. Àwọn tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má tètè ya àwòrán Ògèdèngbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, àti ti Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn. Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Látòósà gbéra ogun ní 1877, Òkèmẹ̀sí dìde pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ogun náà di ti ọdún gbọọrọ ni ẹ̀tù àti ọ̀nà Èkó. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jókòó sórí ọ̀nà tí Ìbàdàn fi ń rí ìbọn àti ẹ̀tù. Èkìtì Parapọ̀ ní àwọn ọmọ wọn ní Èkó, wọ́n ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó, ariwo ìbọn ló sì fún ogun náà lórúkọ. Ibùdó Ìgbájọ àti ti Ìmẹ̀sí di ìlú, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n dáko síbẹ̀. Látòósà kú síbẹ̀ ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, Johnson gan-an wà lára àwọn tó ń gbé ìránṣẹ́ àlàáfíà lọ bọ̀, síbẹ̀ ibùdó kò tú tán títí di 1893.

Ẹ ronú nípa irú géèmù tí ìyẹn yóò jẹ́. Kò sí ẹni tó já odi ẹnìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ borí gbọ́dọ̀ mọ iye ẹ̀tù tó kù, kó mọ ọba tó ń ti ọ̀nà àti ohun tí ọba náà ń fẹ́, kó mọ olóyè wo ló ti ń fẹ́ padà sílé. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe láti ṣẹ́gun nípa ṣíṣí ọ̀nà, kódà láìyìnbọn kan. Ó sì gbọ́dọ̀ dùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan yóò fi gbàgbé oúnjẹ alẹ́ nídìí rẹ̀. Kò rọrùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìdí géèmù náà, ọjà ni mo máa kọ́kọ́ wò. Nínú Age of Empires II, èèyàn lè fi wúrà ra igi, oúnjẹ àti òkúta lọ́jà àárín ìlú, láìsí oníṣòwò kan tó kó wọn débẹ̀, kódà bí ọ̀tá bá yí odi ká. Bí mo bá rí ẹ̀tù lórí àtẹ ọjà bẹ́ẹ̀ nílùú Ìbàdàn nígbà tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú wà ní títì, màá pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ ó sì gba lẹ́tà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì.